Òdo Tí Mo Fún Ìwé Elépo

Epo ni mo kọ́kọ́ rí kí n tó rí ohun tí ọmọ náà kọ. Ó ti fẹjú láàrin ojú ìwé, ó ti wọ ojú ìwé kejì, ó ti wọ ìkẹta, débi pé nígbà tí mo gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, mò ń rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kedere. Mo gbé e sókè lójú gbogbo kíláàsì. Mo ní, "Ta ló ni ìwé elépo yìí?" Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Mo fi báírò pupa kọ òdo sí i, mo sì fa ìlà gbọọrọ kan láti igun dé igun.

Ọdún 2009 ni, ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan láàrin ìgboro Ìbàdàn, níbi tí òrùlé ti ń gun òrùlé. Praimárì 5 ni kíláàsì náà, ọmọ 58 ló wà níbẹ̀, èmi nìkan sì ni tíṣà wọn. Kí wọ́n tó lu aago ìsinmi lọ́jọ́ náà, orúkọ ọmọ yẹn ti di Elépo.

Tuntun ni mo ṣì jẹ́ ní kíláàsì òkè nígbà náà. Ọdún méje ni mo ti lò ní Praimárì 1 àti 2. Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, iṣẹ́ tíṣà kò yàtọ̀ sí iṣẹ́ ìyá: ẹ ó nu ikun imú, ẹ ó bá wọn wá bàtà tó sọnù, ẹ ó kọ́ wọn ní a, b, d. Ọmọ ọdún mẹ́fà tí kò bá ṣe asáímẹ́ǹtì á wò yín lójú korokoro, á ní, "Àǹtí, ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́." Ọmọ ọdún mẹ́wàá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìtìjú ti wọ̀ ọ́ lára. Á kàn dákẹ́ ni, á máa wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ẹ lè nà án títí, kò ní sọ ìdí fún yín, pàápàá bí ìdí náà bá kan ilé wọn. N kò mọ èyí. Ìdákẹ́ yẹn ni mo ń pè ní oríkunkun.

Iṣẹ́ àṣetiléwá ni ìwé Yorùbá ń pè é. Lẹ́nu àwọn ọmọ, asáímẹ́ǹtì ni. Lọ́wọ́ tèmi nígbà náà, òṣùwọ̀n ni. Òun ni mo fi ń wọn ọmọ: èyí gbọ́n, èyí gọ̀, èyí ya ọ̀lẹ, èyí ìyá rẹ̀ ò bìkítà. Ojoojúmọ́ ni mo ń fún wọn, ẹ̀kọ́ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà: Ìṣirò, Gẹ̀ẹ́sì, àti ọ̀kan mìíràn. Ìdánwò Common Entrance ti wà lọ́ọ̀ọ́kán, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni tó yí wa ká sì ń fi asáímẹ́ǹtì polówó ara wọn. Bí àpò ọmọ bá ṣe wúwo tó ni òbí ṣe ń gbà pé owó òun ò ṣòfò. Àwa ti ìjọba, tí òbí kò san owó ilé-ẹ̀kọ́ fún, ojú ń kán wa kí wọ́n má baà sọ pé torí ó jẹ́ ọ̀fẹ́ ni kò ṣe dáa. Ẹni tí kò bá ṣe é, ẹgba mẹ́ta. Ẹni tó bá ṣe é ní ìdọ̀tí, òdo.

Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan, mò ń bọ̀ láti ibi àìsùn òkú ìyá ọ̀rẹ́ mi. NEPA ti mú iná lọ. Gbogbo àdúgbò ṣókùnkùn biribiri, àfi oríta tí àwọn tó ń tajà alẹ́ ti tan fìtílà alágolo. Ebi ń pa mí. Mo yà sọ́dọ̀ ìyá alákàrà kan pé kó fún mi ní ti ọgọ́rùn-ún náírà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lórí bọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, ọmọkùnrin kan jókòó, ó tẹ orí ba. Ìwé wà lórí orúnkún rẹ̀. Bébà tí wọ́n fi ń wé àkàrà wà lápá òsì. Á wé tán, á fi ìka nu ara ṣòkòtò, á kọ nǹkan díẹ̀, á tún wé òmíràn. Nígbà tó gbójú sókè tó rí mi, ó ti ìwé náà bọ abẹ́ ìdí wéré, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí yẹ̀pẹ̀. "Ẹ káalẹ́, ma."

Ẹ máa ro ohun tí mo retí pé ìyá rẹ̀ máa sọ. Mo rò pé á máa bẹ̀ mí ni, pé kí n má bínú, pé iṣẹ́ ló pọ̀. Ìyá náà fi àmúga yí àkàrà, ó ní, "Ẹ̀yin ni tíṣà wọn? Ẹ jọ̀ọ́ ma, ẹ bá mi kìlọ̀ fún un. Iṣẹ́ yín yìí kì í jẹ́ kó dá oníbàárà lóhùn. Bí mo bá pè é lẹ́ẹ̀mẹta, á ní 'Màámi, ó ku ìlà méjì.' Àwọn ènìyàn á máa bá tiwọn lọ."

Mo dúró síbẹ̀, ẹnu mi wúwo. Ìyá tí mo ti pè ní aláìbìkítà nínú ọkàn mi ń fi ẹjọ́ ọmọ rẹ̀ sùn mí pé ó fi ara jin iṣẹ́ mi jù. Iṣẹ́ wo gan-an sì ni? Kí wọ́n da tébù ìsọdipúpọ̀ láti 2 dé 12 kọ lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí pé kíláàsì pariwo nígbà tí mo lọ sí ọ́fíìsì. Ìjìyà ni. Kò sí ẹ̀kọ́ kankan nínú rẹ̀. Ọmọ náà ń ṣe é níbẹ̀ torí pé ibẹ̀ nìkan ni iná wà.

Bí mo ṣe dúró bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin kan dé, ó ra àkàrà àti dùndú ₦70, ó na igba náírà sí i. Ọmọ náà kò ronú rárá. Ó ka ọgbọ̀n náírà lé ọkùnrin náà lọ́wọ́, ó ní, "Ọgọ́rùn-ún pé." Ó gbé ọgọ́rùn-ún kan lé e, ó ní, "Igba pé. Ẹ ṣeun, sà."

Ohun tó mú mi lójú ni pé mo rántí ìwé rẹ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, mo ti fún wọn ní 200 − 70. Ohun tó kọ ni 270. Òdo yọ òdo, òdo ló kù. Òdo yọ méje kò ṣeé ṣe, ló bá gbé méje yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà, ó sọ méjì tiẹ̀ kalẹ̀. Mo fa X pupa sí i, mo kọjá lọ. Ọmọ tó ń kọ 270 fún mi lọ́sàn-án ni kì í ṣi ṣéńjì lálẹ́.

Ìyá náà kọ owó mi. Ó tún fi àkàrà mẹ́ta ṣe èènì. N kò lè jẹ ẹ́ tán.

Ní ọjọ́ Ajé, mo pe ọmọ náà síwájú. Ẹ̀rù bà á, ó rò pé ẹgba ni. Mo kọ 200 − 70 sí pátákó, mo ní, "Ta ló máa mú igba náírà wá ra ọjà, kó wá gba igba ó lé àádọ́rin náírà lọ sílé?" Kíláàsì rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Mo ní kó fún mi ní ṣéńjì. Ó wò mí, ó wo pátákó, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ sí mi lọ́wọ́: ọgbọ̀n, ọgọ́rùn-ún pé, ọgọ́rùn-ún kan sí i, igba pé. Mo fa ìlà gbọọrọ sí pátákó, mo kọ 70 síbẹ̀, mo ní kó máa fò. Ó fò dé 100, ó fò dé 200. Mo ní kó ro gbogbo fífò rẹ̀ pọ̀. "Àádóje," ló sọ, ohùn rẹ̀ kéré. Odidi ọ̀sẹ̀ méjì la fi ṣe àyọkúrò gẹ́gẹ́ bí alákàrà kí n tó tún padà sórí yíyá mẹ́wàá lọ́wọ́ aládùúgbò. Ìgbà tí a padà dé ibẹ̀, ó rọrùn fún wọn, torí wọ́n ti ní ohun tí wọ́n lè fi yẹ ìdáhùn wọn wò.

Èyí tilẹ̀ mú mi ronú sí kíkà Yorùbá fúnra rẹ̀. 45 ni márùndínláàádọ́ta: a ti dé àádọ́ta ná, a wá yọ márùn-ún. Ọmọ tó bá fi Yorùbá ka nǹkan dé ogún ti ṣe àyọkúrò lẹ́ẹ̀marùn-ún, láti márùndínlógún dé ọ̀kàndínlógún, kò sì mọ̀ pé Ìṣirò lòun ń ṣe. (Ọ̀pọ̀ nínú wọn báyìí, "fọ́tì-fáìfù" ni wọ́n mọ̀. Bí ẹ bá ní márùndínláàádọ́ta, wọ́n á ní "Ma?") Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni, wọ́n kọ́ wa nípa iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, Ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, tí wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ta yọ láàrin ẹgbẹ́ wọn, títí kan Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Mo kọ ọ́ sínú ìdánwò, mo gba máàkì rẹ̀, mo sì gbàgbé ẹ. Títí di alẹ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn, Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń kọ ìlànà asáímẹ́ǹtì fún ọmọ tí ẹnikẹ́ni nílé wọn kò gbọ́ ọ.

Mo jókòó, mo ṣírò ara mi náà. Ọmọ 58, ìwé mẹ́ta lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, 174 ni. Bí mo bá fi ìṣẹ́jú méjì péré wo ìwé kan, ìṣẹ́jú 348 ni, ó ku díẹ̀ kó pé wákàtí mẹ́fà. Èmi tí mo ní ọkọ, tí mo ní ọmọ mẹ́ta, tí mò ń wọ dáńfó méjì délé. Irọ́ ni mò ń pa. Tíìkì ńlá kan ni mo fi ń gba ojú ìwé kọjá. Ọmọ kan tilẹ̀ wà tó da ìbéèrè kọ gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn, láti ìkínní dé ìkẹwàá. Mo ti tíìkì gbogbo rẹ̀. "Good. 10/10."

Mo wá dín in kù. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́rú, ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, ohun tí ọmọ lè ṣe tán ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Igun òsì pátákó ni mò ń kọ ọ́ sí, ibẹ̀ náà ni gbogbo ìgbà, mọ́nítọ̀ kò sì gbọdọ̀ pa ibẹ̀ rẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n tó lu aago ìparí, a ó jọ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nínú kíláàsì. Ọmọ kan á fi Yorùbá sọ ohun tí iṣẹ́ náà ń bèèrè fún wa, olúkúlùkù á sì ṣe nọ́ńbà kìíní lójú mi. Nǹkan kékeré ni nọ́ńbà kìíní yìí, àmọ́ òun ni mo máa ń sọ fún àwọn tíṣà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé títí dòní. Ọmọ tó ti ṣe ọ̀kan mọ ọ̀nà. Ọmọ tí kò ṣe ọ̀kankan á gbé ìwé délé, á ṣí i, á rí i pé kò yé òun, á pa á dé. Ọ̀la yín á wá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹgba.

Ọ̀gá àgbà wa kò fara mọ́ ọn ní kíákíá. Ó ní kí n má sọ kíláàsì òkè di jẹ́lé-ó-sinmi. Bàbá kan tilẹ̀ wá ká mi mọ́ ẹnu géètì. "Tíṣà, mo gbọ́ pé ẹ ti dín asáímẹ́ǹtì kù. Ṣé kí àwọn ọmọ wa máa ṣeré kiri ni?" Ọmọbìnrin rẹ̀ ni kì í gba ohun tó dín ní 10 nínú 10. Mo bẹ̀ ẹ́ kó wọlé, mo pe ọmọ náà, mo ní kó ṣe ọ̀kan nínú ohun tó gba 10 lé lórí lánàá. Ọmọ náà di báírò mú, omi bọ́ lójú rẹ̀. Tíṣà lẹ́sìn tó ń wá kọ́ ọ nílé ló ń ṣe é, òun á wá dà á kọ. Kò sì yẹ kí n dá tíṣà lẹ́sìn lẹ́bi púpọ̀: bí ọmọ bá gba 6, bàbá á ní kò mọṣẹ́, owó oṣù á fò. Tíṣà lẹ́sìn ń pa irọ́ fún bàbá, ọmọ ń pa irọ́ fún mi, èmi náà ń fi tíìkì pa irọ́ fún ọ̀gá àgbà. Bàbá náà kò sọ nǹkan kan. Ó fọwọ́ gbá ọmọ rẹ̀ léjìká díẹ̀, ó sì lọ. Kò tún wá bá mi jà mọ́, kò sì dúpẹ́.

Àwọn tí kò bá rí i ṣe nílé ńkọ́? Mo gbé bẹ́ńṣì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Láti bíi aago méje ààbọ̀, kí wọ́n tó lu aago àsẹ́ńbílì, ẹnikẹ́ni lè jókòó síbẹ̀ parí tiẹ̀. N kì í bi wọ́n léèrè ohunkóhun, n kì í sì gbé ẹgba. Láàrin ọ̀sẹ̀ kan, àwọn ọmọ ti sọ ọ́ lórúkọ: Bẹ́ńṣì NEPA. "Àǹtí, mo fẹ́ jókòó sí NEPA." Ó dùn mọ́ mi nínú títí bẹ́ńṣì fi kún. Mo wá rí i pé àwọn tí jẹnẹrétọ̀ ń dún nílé wọn náà ti ń fi tiwọn sílẹ̀ di àárọ̀, torí níbẹ̀ ni eré wà: èyí ń ran ìyẹn lọ́wọ́, wọ́n ń jìyàn, wọ́n ń pín ẹ̀pà jẹ. Tíṣà mìíràn ní kí n lé wọn, pé ọ̀lẹ ni mò ń tọ́. Mo rò ó dé àyè kan, mo fi wọ́n sílẹ̀. Iṣẹ́ ni mo ní kí wọ́n ṣe, wọ́n sì ń ṣe é, lójú mi, pẹ̀lú ọwọ́ ara wọn. Bóyá abẹ́ fìtílà ni o, bóyá abẹ́ fèrèsé ni, kí ló kàn mí?

Kì í ṣe gbogbo ohun tí mo dá láṣà ló yọrí sí rere. Mo ní kí wọ́n fi páálí ṣe àwòrán ilé wá lẹ́ẹ̀kan. Àwọn òbí tó lówó gbé e fún káfíńtà, ilé alájà méjì tó ní géètì dé sọ́dọ̀ mi. Ọmọ mẹ́sàn-án kò wá ilé-ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ yẹn rárá. N kò tún dán an wò mọ́.

Èyí tó dùn jù nínú gbogbo asáímẹ́ǹtì tí mo fún wọn rí ni ti kóńgò. Mo ní kí wọ́n bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ta gààrí tàbí ìrẹsì nítòsí wọn: dèríkà mélòó ló ń kún kóńgò kan? Kí wọ́n wọ̀n ọ́n bí wọ́n bá gbà fún wọn. Ìdáhùn tí wọ́n mú bọ̀ kò bá ara mu. Ariyanjiyàn sọ, kíláàsì gbóná. Ọmọbìnrin kan tí ìyá rẹ̀ ń ta gààrí wá dìde, ó ní kóńgò ò dọ́gba, pé ti ìyá òun, wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú. Ẹ̀rín pa wá. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá náà ti dúró dè mí lẹ́nu géètì, ó ká ọwọ́ lérí. "Tíṣà, ṣé ẹ fẹ́ tú mi láṣìírí láàrin ọjà ni?" Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ kan nínú kíláàsì yẹn tó tún gbàgbé ohun tí òṣùwọ̀n jẹ́ àti ìdí tó fi yẹ kó dọ́gba.

Lórí ìlànà kíláàsì, mi ò ní pẹ́. Òfin 14 ni mo lẹ̀ mọ́ ògiri lọ́dún àkọ́kọ́, gbogbo rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, "Do not" ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo bi mọ́nítọ̀ pé kí ni òfin kẹsàn-án. Kò mọ̀. Èmi náà ò mọ̀. Mẹ́rin ló ṣẹ́kù, ní Yorùbá, àwọn ọmọ ló sì fúnra wọn kọ ọ́. Báírò nìkan ni n kò rí òfin fún. Ní Praimárì 4 ni wọ́n ti fi pẹ́ńsù sílẹ̀, láti ìgbà náà sì ni báírò ti ń sọnù lójoojúmọ́. Mo kó mẹ́fà sínú agolo mílíìkì. Ẹni tó bá fẹ́ yá, á bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan dógò. Ẹ ó rí wọn tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ kan ta kẹ̀ǹgẹ́ lọ sídìí pátákó. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló ń padà lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, torí kò sí ẹni tó lè wọ bàtà ẹsẹ̀ kan délé.

Láti pa wọ́n lẹ́nu mọ́, mo dẹ́kun fífi ẹgba gbá tábìlì. Mo kàn ń ké "Ààlọ́ o!" Wọ́n á ní "Ààlọ̀!" Gbogbo rẹ̀ á sì pa lọ́lọ́, torí wọ́n ń retí. "Òkun ń hó yeè, ọ̀sà ń hó yeè, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́." Ọmọrogùn! Ó ṣiṣẹ́ fún oṣù kan gbáko. Lẹ́yìn náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ké "Ààlọ́ o!" láìpa àlọ́ kankan, bí wọ́n bá ti dákẹ́, mo bọ́ sórí iṣẹ́ nìyẹn. Ọjọ́ kẹrin, mo ké e, àwọn mẹ́ta péré ló dáhùn. Ẹlẹ́nu mímú kan ní ẹ̀yìn ní, "Àǹtí, ẹ jẹ wá ní gbèsè mẹ́ta." Òótọ́ ló sọ. Mo san án níbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti orí òrúkú tindí tindí tó bí igba ọmọ tí gbogbo wọn lé tìróò. Láti ìgbà yẹn, bí n kò bá ní àlọ́ nílẹ̀, n kì í ké e.

Mo máa ń sọ gbogbo èyí fún ìyá mi kó tó di olóògbé. Òun wà lára àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù kìíní ọdún 1955. Ó ní sílétì ni wọ́n fi ń kọ̀wé ní kíláàsì ìsàlẹ̀. Bí tíṣà bá ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á nù ún, iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Ohun tí wọ́n ń mú lọ sílé kò ju èyí tó wà nínú orí wọn. Ohun tí wọ́n ń mú wá láti ilé ni ìgbálẹ̀ tí wọ́n fúnra wọn ṣe, fún iṣẹ́ ọwọ́. Mo ní, "Màámi, ẹ gbádùn." Ó ní, "Gbádùn kẹ̀? Ṣé o mọ bí wọ́n ṣe ń nà wá lórí ìgbálẹ̀ yẹn ni?"

Nígbà tí wọ́n ti ilé-ẹ̀kọ́ pa ní oṣù kẹta ọdún 2020 nítorí Kòrónà, gbogbo ènìyàn ní ká fi WhatsApp fún wọn níṣẹ́. Nínú òbí ọmọ 61 tí mo ní lọ́dún náà, àwọn 11 ló ní fóònù tó lè gbé e. Mo fi ohùn mi ránṣẹ́ ní Yorùbá, ìbéèrè kan lọ́sẹ̀. Díẹ̀ dáhùn. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ohun tí n kò rí tún ṣe ni orúkọ yẹn. Mo sọ fún kíláàsì pé èmi ni mo ṣi ẹnu sọ ọ́, pé mo ṣàṣìṣe, pé mo bẹ ọmọ náà. Àwọn ọmọ wo mi bí ẹni tó ń ṣàìsàn, torí wọn ò tíì rí àgbà tó ń bẹ ọmọdé rí. Mo ní ẹni tó bá tún pè é ní Elépo á rí mi. Wọ́n fi í sílẹ̀ nínú kíláàsì, wọ́n ń pè é ní pápá. Mo fún un ní láìlọ́ọ̀nù kó fi bo ìwé rẹ̀, epo ṣì ń rí ọ̀nà wọlé, mo sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń máàkì ìwé elépo: báírò dúdú ló ń mú un, pupa máa ń yọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń fún wọn ní ẹ̀bùn ní Praimárì 6, tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ gan-an fún Ìṣirò, ipò kẹta, gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ pariwo "Elépo! Elépo!" Òun fúnra rẹ̀ ń juwọ́ sí wọn, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ti gbà á. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ìyá alákàrà ṣì wà ní oríta yẹn. Iye tí wọ́n ń ta mẹ́wàá nígbà náà, ẹyọ kan ló ń jẹ́ báyìí. Iná sólà kékeré kan ló gbé kọ́ òpó. Mo kọjá níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá, mo béèrè ọmọ mi. Ó ní ó wà ní Èkó, ó ń ta páàtì mọ́tò ní Ládípọ̀, pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ó wé àkàrà mi tán, ó ní, "Tíṣà, ṣé ẹ ṣì ń fún wọn ní iṣẹ́ yẹn?"

Mo ní Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́rú nìkan.

Ó yíjú sí ọmọbìnrin kékeré kan tó jókòó sórí bọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó wà ní Praimárì 4 ní ilé-ẹ̀kọ́ wa. "O gbọ́ àbí o ò gbọ́? Ọjọ́rú lòní. Ìwé rẹ dà?"

Ọmọ náà wò mí, ó fà á yọ lábẹ́ ìdí rẹ̀.